Eegun Méjì Tí Mo Rí Létí Òkun

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà, ìwọ, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ? Màmá ń kí yín, eyín nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọkọ mi kun ilé wa ní ọ̀dà, òjò ò sì jẹ́ kó gbẹ. Orúnkún mi ti fúyẹ́ látìgbà tí dókítà ti ní kí n máa rìn létí òkun láràárọ̀.

Ìrìn yẹn náà ni mo ti rí eegun méjì tí mo kọ̀wé sí ẹ nípa wọn. Wọ́n ti di òkúta. Mo fi iyanrìn bo ọ̀kan lábẹ́ àpáta, mo gbé èkejì wálé, mo fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ tí mo bá ń gé e. Ó wúwo bí áyọ́ọ̀nù àtijọ́.

Kò pẹ́ ni oníbàárà tuntun kan dé. Ó ní kí n rán ṣòkòtò mẹ́ta, kò sì dúró kí n wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ta ló ń rán ṣòkòtò bẹ́ẹ̀? Ojú ẹ̀ ò kúrò lórí tábìlì mi.

Ó ní, “Ìyá aránṣọ, eegun ẹ̀yìn àbùùbùtán nìyẹn, ẹran omi tó ń fọ́mọ lọ́mú, eegun náà sì ti wà láti ọdún gbọ́nhan. Èyí tó wà lábẹ́ àpáta ńkọ́?”

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi gan-an ò gbọ́ nípa ìyẹn. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún. Bá mi fi bàtà tó rọ̀ ránṣẹ́ fún ìrìn mi. Mo ti kó eegun méjèèjì pamọ́. Má béèrè ibi tí wọ́n wà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.