Ilé Òṣómàáló Ni Ó Ti Ń Bú Òṣómàáló

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín láti Iléṣà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni baálé mi fi ṣe akọ̀wé ìjọba. Ọjọ́ tó fẹ̀yìntì ni wọ́n gba ilé ìjọba lọ́wọ́ wa. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò lè ra páànù bo yàrá kan. Àbúrò mi òṣómàáló, tó ń kiri aṣọ, ló gbà wá sílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀.

Lánàá, òṣómàáló kan wá tọrọ ọmọ wa. Baálé mi fẹ̀yìn ti àga àbúrò mi, ó ní, "Èmi ò ní fọ́mọ fún alárìnkiri! Akọ̀wé ìjọba ni yóò fẹ́ ẹ."

Ó rí mi lára bí ẹni tó gbé eṣinṣin mì. Ọmọ ń sunkún. Òṣómàáló náà àti ẹbí rẹ̀ ń padà bọ̀ wá bẹ baálé mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ṣé kí n dákẹ́ ni, àbí kí n bi í lójú wọn pé, "Baálé mi, ilé ta ni ẹ jókòó sí?"