Ìlà Tí Mo Tò Sí

Agége, Èkó.

Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaja Sùlíyá,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara yín le ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé orúnkún ti ń gbà yín láyè láti kírun? Kí Ọlọ́hun dá yín sí fún wa. Àwa náà wà láàyè, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹgbẹ́ òṣèlú wa yan alága tuntun ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ èéfín ló dá ìjà sílẹ̀. Dàwódù, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń du ipò náà, ní òjò ò mọ àsìkò mọ́, ooru sì ń pa wá. Ó ní kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé ilé iṣẹ́ tó bá ń tú èéfín dúdú gbọ́dọ̀ tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n tì í pa. Adégbénró, ẹnì kejì tí wọ́n jọ ń du ipò náà, fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé afẹ́fẹ́ mímọ́ lẹ máa sè jẹ ni?" Òun ló ń kó irin àlòkù wá síbi tí mo ti ń yọ́ irin, ọ̀gá wa sì ti kìlọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí gbogbo wa tò sí.

Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í fi ìwé dìbò. Ẹ̀yìn ẹni tí o bá fẹ́ lo máa tò sí, gbogbo ayé á sì rí ẹ. Mo tò sẹ́yìn Adégbénró. Nígbà tí mo gbójú sókè, Nusrat ọmọ mi ni mo rí ní ìlà Dàwódù, tó ń fa oògùn èémí rẹ̀ sẹ́nu. Ẹ mọ bí àyà rẹ̀ ṣe máa ń dún fíì-fíì tí èéfín wa bá ti wọlé. Kò tiẹ̀ wò mí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi sọdá. Wọ́n ti ń kà wá lọ́wọ́. Ni ariwo bá ta: "Bàbá Nusrat, ṣé o ṣìnà ni?" "Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ó fẹ́ lọ se afẹ́fẹ́!" Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè pè é ní ìgboyà. Ká ní ẹnì kan fà mí lápá ni, bóyá ǹ bá padà.

Adégbénró ló wọlé. Ó wá dì mọ́ mi níṣojú gbogbo èèyàn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Suara, mo rí ẹ o. Ọmọ ẹ náà, mo rí i." Ṣé ìkìlọ̀ ni, àbí èmi ni mò ń ro ìròkurò?

Bí iṣẹ́ bá bọ́, Ọlọ́hun á pèsè. Nusrat ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á sọ́dọ̀ títí ìlú á fi rọlẹ̀.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ jèrè àwọn ọmọ yín, ẹ ò ní mọ irú ẹ̀rù yìí.

Èmi ni àbúrò yín tí ara rẹ̀ ò balẹ̀,
Suara

Àfikún: Nusrat ti kọ̀, kò ní wá. Ó ní ìlà ìdìbò ẹgbẹ́ ti ìpínlẹ̀ ṣì ń bọ̀, ó sì bi mí bóyá iwájú òun ni màá dúró sí ní ìlà náà àbí ẹ̀yìn. Mo ní iwájú. Ẹ bá mi ṣe àdúà, ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò tíì fèsì.