Ẹnu Tó Rún Kókò: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Masinalupe, Ọmọ Lafoga (1944–2019)

Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ìyá wa fẹ́ràn òwe yìí débi pé ó máa ń pa á fún ajá tó bá ń ju ìrù sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn ní Vailupe, abúlé wa, lónìí, ẹ fi í sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú ni a fẹ́ sọ, inú gidi, ibi tí oúnjẹ ń lọ.

A bí olóògbé Masinalupe ní oṣù kẹjọ ọdún 1944. Ẹni tó bí i gan-an ni ìjà wà lé lórí. Ohun tí gbogbo ẹbí gbà ni pé Seumalo àgbà, olórí ẹbí wa nígbà náà, ti oko àgbọn tó wà ní erékùṣù Upolu dé pẹ̀lú Lafoga ìyàwó rẹ̀, ọmọ tuntun sì wà lọ́wọ́ Lafoga. Lafoga ní òun lòun bí i. Àwọn ará abúlé wo àwọ̀ ọmọ náà, ó dúdú ju tiwa lọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ oko ni, àwọn tí ọkọ̀ kó wá nígbà kan láti àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn, pé ìyá rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀. Lafoga sùn oorun ikú ní 1973 láìyí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Elédùmarè nìkan ló mọ̀.

Ohun tí kò ní iyèméjì ni ọwọ́ tó tọ́ ọ. Ọmú Lafoga kò lómi. Kókò sísè ni ó ń fi eyín ara rẹ̀ rún títí yóò fi kúnná, kí ó tó fi sí ọmọ lẹ́nu. Mama ni à ń pe irú òkèlè bẹ́ẹ̀ níbí. Nítorí mama yẹn, ohun kan ṣoṣo ni Ìyá wa bèèrè lọ́wọ́ ẹbí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀: kí a sin òun sí ẹ̀gbẹ́ Lafoga, níwájú ilé.

Ní 1950, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀. Pásítọ̀ kọ́ wọn pé Jónà gbé inú ẹja fún ọjọ́ mẹ́ta. Masinalupe nawọ́: “Ta ló bá a wọlé?” Wọ́n nà án. Ó gba Ọlọ́run gbọ́ lẹ́yìn náà, ó sì dúró ṣinṣin nínú ìjọ títí dójú ikú, ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀ fún ìbéèrè yẹn rí.

Ní 1965, ó fẹ́ Tavita apẹja, lẹ́yìn tó ti fi ọdún méjì gbáko wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹní híhun ni iṣẹ́ Ìyá wa. Láti 1981 ni ó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ obìnrin tó ń yẹ ilé wò nítorí ìmọ́tótó. Bí onílé bá ń rẹ́rìn-ín jù, Ìyá wa á ní, “Kí lẹ kó pamọ́ sẹ́yìn ilé?” Ẹ̀yìn ilé náà ni yóò sì gbà lọ tààrà.

Masinalupe, ọmọ Lafoga,
Aṣí-ìkòkò-wò-kó-tó-kí-onílé,
A-gbọ́n-ẹní-wò-kó-tó-jókòó,
Ó fura sí òjò, ó sá aṣọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀;
Òjò rọ̀, tirẹ̀ nìkan ló gbẹ.

Ìfura rẹ̀ ní ìdí. Ní 1968, àwọn aláṣọ funfun kan wá fa ẹ̀jẹ̀ lápá gbogbo abúlé. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá jíṣẹ́. A ṣì ń retí wọn.

Nígbà tó di 2009, inú ti ń ta á fún ọdún kan. Dókítà Hinewai, ọmọ Maori láti Niu Sílándì, wá sí Vailupe. Ó ní kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, inú ikùn ènìyàn ni ilé rẹ̀, òun ló ń dá egbò síbẹ̀. Ẹ̀yà kan náà ni káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ti agbègbè kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, bí fínfín ara wa ṣe yàtọ̀ sí ti àwọn Maori. Ẹni tó bá wọkọ̀ lọ sí òkun mìíràn ń gbé tirẹ̀ lọ nínú. Ó fẹ́ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀fun wọlé lọ mú díẹ̀.

Ìyá wa ní, “Mo mọ irú yín. Ẹ ó gbé inú mi lọ bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ.”

“Màmá, èmi fúnra mi ni n ó mú èsì wá. Mo fi ìyá mi búra.”

“Ṣé ìyá yín ṣì wà láyé?”

“Ó ti sùn, Màmá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Òkú ò lè bá yín wí. Ẹ lọ wá ẹlòmíì fi búra.”

Orí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ni dókítà padà fi búra kí Ìyá wa tó la ẹnu.

Seumalo Petaia, ọmọ Ioelu ẹ̀gbọ́n Ìyá wa tí Lafoga bí, ẹni tó jẹ oyè Seumalo ti ẹbí lónìí, gbé rọ́bà náà mì lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n lè fi tirẹ̀ wé ti Ìyá wa. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé: “Bí kòkòrò Àǹtí bá bá ti ìwọ̀-oòrùn mu, kò ní sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà mi.”

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, dókítà padà, ó mú ìlérí ṣẹ. Ti Ìyá wa kò ní àmì ìwọ̀-oòrùn kankan. Ti erékùṣù wa ni, òun àti ti Petaia sì jọra bí ọmọ ìyá.

Petaia pàtẹ́wọ́. “Ó parí! Ẹ̀jẹ̀ wa ni yín. Ẹ̀gbẹ́ Lafoga lẹ máa sùn, Àǹtí.”

Gbogbo wa ń yọ̀. Ìyá wa kò yọ̀. Dókítà ló ń wò. “Báwo ni nǹkan yìí ṣe ń wọ inú ènìyàn?”

“Láti ẹnu ni, Màmá. Ní kékeré, púpọ̀ nínú àwọn tó ní i gbà á láti ẹnu ẹni tó ń bọ́ wọn.”

Salilo, àkọ́bí rẹ̀, ja á lẹ́èékánná. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.”

“Mi ò dákẹ́. Petaia, kòkòrò yìí ò mọ inú tí mo ti jáde. Ẹnu ló mọ̀. Lafoga ló rún kókò fún mi. Bí mo bá fi irọ́ wọlẹ̀ tì í, ojú wo ni kí n fi wò ó?”

“Ẹ gbọ́!” ni Petaia wí. “Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!” Ó gba ìlérí ibojì tó ṣe padà lójú ẹsẹ̀.

Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì pa kòkòrò náà, inú Ìyá wa sì dá. Ìgbà náà nìkan la rí i tó sunkún. Ó ní òun ti lé àlejò tí Lafoga fi sí òun nínú.

Ó dágbére fáyé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, 2019, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Petaia ti tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ibojì Lafoga, tó jókòó lé e, tí kò jẹ́ kí ọkọ́ kan ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́rú, àwọn àgbà obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá wa. Wọ́n ní nígbà tí a bí Petaia ní 1958, oówo sọ ìyá rẹ̀ lọ́mú. Wọ́n ní kí a bi àwọn léèrè ẹni tó rún kókò fún ọmọ náà. Masinalupe ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, oṣù márùn-ún gbáko. Ọdún mẹ́wàá tí Petaia fi ń bá a jà, Ìyá wa kò sọ ọ́ rí. A kì í ka òkèlè sí ọmọ lójú. Ta ló wá mọ̀ bóyá ẹni tí wọ́n ní kì í ṣe ara ilé ló fi àmì ilé sí onílé nínú?

Ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, Salilo, Vaipuna, Sekolo àti Tumema, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àtọmọdọ́mọ mẹ́ta, tí ó rún kókò fún méjì nínú wọn láìfi ti nọ́ọ̀sì pè.

Ìyá, Ọlọ́run nìkan ni ẹ kò fura sí. Kí Ó ṣílẹ̀kùn fún yín láìbi yín léèrè ẹni tó bí yín. Ẹ sùn re o, ẹní yín ti gbẹ.

Salilo ló ní gbólóhùn tó kù yìí, ó sì kọ ọ́ sí Petaia: Ẹ̀gbọ́n mi Seumalo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde lórí ẹní yẹn, kí wọ́n lè gbẹ́lẹ̀.