Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀bù Mi Ṣì Wà ní Títì

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Ìgẹrun,
Òpópónà Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Káfíńtà mi, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́, àbí o ṣì ń gbé pákó bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún? Èmi wà, mi ò kàn lè sọ pé mo wà dáadáa.

O bi mí pé báwo ni iṣẹ́. Ọ̀rẹ́, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bẹ́ńṣì tí o kàn fún mi, eruku ló jókòó sórí rẹ̀ báyìí. Bí mo bá jí láàárọ̀, àfi bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láyà. Oúnjẹ ò lọ, omi ìwẹ̀ pàápàá ti diṣẹ́. Irun orí èmi onígbàjámọ̀ ti kún bí igbó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọ̀lẹ ni mí. Ì bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, ì bá sàn. Ọ̀lẹ a máa gbádùn oorun rẹ̀.

Ìyàwó mi ló fà mí lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú ọkàn ní ilé ìwòsàn. Obìnrin náà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, pé àìsàn ni bí àìsàn yòókù, àìsàn là á sì wò, a kì í wo ikú. Ọ̀rọ̀ la jọ máa ń sọ, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó ní èrò burúkú a máa ba ọkàn jẹ́, ọkàn tó bàjẹ́ a so ọwọ́ ẹni, ọwọ́ tó dilẹ̀ a tún bí èrò mìíràn. Ó ní kí n sọ èyí tó wúwo jù nínú èrò mi. Mo ní àwọn oníbàárà ti kọ̀ mí, torí mi ò wúlò mọ́. Ó bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọkàn mi ló sọ ọ́.

"Ẹ̀yin onígbàjámọ̀," ó ní, "ṣé ẹ ò mọ̀ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí ni? Ẹ lọ bi wọ́n."

Mo lọ bá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ti ń gẹrun fún látìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ó ní, "Mo wá títí, ilẹ̀kùn ni mò ń bá ní títì. Ibi tí mò ń lọ báyìí, ṣe ni wọ́n ń fi kílípà ha mí lórí."

O rò pé inú mi dùn? Mo délé, mo sunkún. Mo ti mọ̀ pé irọ́ lèrò yẹn, síbẹ̀ kò kúrò. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, ọwọ́ mi ò gbé e. Mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ: ọjọ́ mìíràn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n má jí mọ́. Mo ti sọ fún obìnrin náà, ìyàwó mi náà sì mọ̀. Wọn kì í fi èmi nìkan sílẹ̀.

Olùtọ́jú náà ní kí n má dúró dìgbà tí ara bá yá kí n tó ṣiṣẹ́, kí n gẹ orí kan péré, bí mi ò tilẹ̀ gbà pé yóò ràn mí lọ́wọ́. Mi ò gbà lóòótọ́. Ọwọ́ mi sì ti dilẹ̀ pẹ́, mi ò lè gbé kílípà lé orí oníbàárà. Orí tìrẹ, bí mo bá bà á jẹ́, wàá kàn bú mi ni.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí àwọn ọmọ. Tí o bá ń bọ̀ níparí oṣù, jọ̀ọ́, má gẹrun kí o tó dé.

Èmi náà ni, tìrẹ bí mo ṣe rí yìí,
Onígbàjámọ̀.