Ọ̀wẹ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìgbògbò

Ìyá Làtífátù mi,

Mo gbọ́ pé ẹja ń pọ̀ l'Ẹ̀pẹ́ báyìí. Má tà á tán kí n tó dé. Ara mi le koko. Ilé-iṣẹ́ ní kí n lọ sinmi díẹ̀, ìyẹn ni mo fi ń ráyè kàwé lọ́sàn-án.

Oríyọmí, ọmọ yunifásítì tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ni olùkọ́ mi. Ẹgbẹ́ kan ló kó òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Ìgbògbò láti kọ́ àwa àgbà níwèé láìgbowó. Mo ní, "Ọ̀wẹ̀ nìyẹn." Mo bá sun iṣu fún un.

Ó ní, "Bàbá, ẹgbẹ́ wa ò gbà ká jẹ nǹkan yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

Mo ní, "Lóko bàbá mi, ẹni tó bá wá ṣọ̀wẹ̀ kì í lọ láìjẹun. Èmi kì í ṣe alágbe. Bí o ò bá jẹ, mi ò ní mú pẹ́ńsù."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wo ara wa lójú. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wá fúnra rẹ̀, ó bu iṣu jẹ, ó tún béèrè epo. Ọjọ́ náà ni mo kọ orúkọ mi.

Bá mi kí Làtífátù àti gbogbo ará oko. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀, fi gààrí rán an. Kì í ṣe pé ebi ń pa mí o. Àwọn tó ń bá mi ṣọ̀wẹ̀ ti di mẹ́rin ni.

Ọkọ rẹ,
Bùsàrí