Orin Jámánì tí Alàgbà Oyèmọ́lá Jó Sí

                                                  Fúláàtì Kẹta, Tannery Court,
                                                  Harpurhey,
                                                  Manchester.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Rasheed, ọ̀rẹ́ mi láti kíláàsì kìíní,

Irọ́ ni. Mi ò sí lẹ́wọ̀n, ọlọ́pàá kankan kò sì wá mi wá. Mi ò bú Alàgbà Oyèmọ́lá níwájú àwọn àlejò rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ fún ọ. Ìyá arúgbó kan tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ló bú u. Èmi kàn ń lu ìlù sí i ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí mo mọ̀ ọ́: bí mo bá fi ìkíni ṣáájú, wàá fò ó kọjá lọ wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ó dáa, mo wá kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, àbí àwọn oníbàárà ṣì ń bá ọ jà nítorí aṣọ Iléyá tí o kò tíì rán? Ara tèmi le, àfi òtútù ibí tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Mo mọ ẹni tó gbé irọ́ náà wá sílé. Toheeb ni, ọmọ Ìṣẹ́yìn tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá kan náà tẹ́lẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi Fàúsátù, nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò sì fi dé Ìwéré-Ilé, wọ́n ti fi ọlọ́pàá àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kún un. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí gan-an.

Iṣẹ́ mi níbí ni pé mo máa ń lọ sílé àwọn arúgbó, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ àti oògùn. Alàgbà Oyèmọ́lá ló ni iléeṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́, òun ló gbà mí wá láti ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ni físà mi wà. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ mi mọ́, ìjọba yóò fún mi ní àkókò díẹ̀ láti wá iléeṣẹ́ mìíràn. Bí mi ò bá rí, ilé yá nìyẹn. Fi èyí sọ́kàn bí o ti ń kà á lọ.

Dádì ni gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ń pè é. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ara rẹ kò bá yá, á gbé ọbẹ̀ wá fún ọ, á sì gbàdúrà lé ọbẹ̀ náà títí yóò fi tutù. Ohun kan tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀ ni pé ó gbà pé àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìyẹ́. Á ní kí o kúrò nílé arúgbó kan ní Harpurhey ní aago mẹ́jọ, kí o sì bẹ̀rẹ̀ ti ẹlòmíràn ní Stretford ní aago mẹ́jọ kan náà. Harpurhey wà ní ìhà kan ìlú, Stretford wà ní òdìkejì, o sì máa wọ bọ́ọ̀sì kan bọ́ sí òmíràn. Bí o bá pè é pé kò ṣeé ṣe, á ní, "Ọmọ mi, fi ìgbàgbọ́ kún un."

Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó mi ni Màmá Liesel. Ọmọ Jámánì ni, sójà Gẹ̀ẹ́sì kan ló fẹ́ ẹ nígbà èwe rẹ̀, ló gbé e wá sí Harpurhey. Orí rẹ̀ pé ju tìrẹ àti tèmi lọ, ẹsẹ̀ nìkan ni kò gbé e mọ́, a máa ń tì í kiri lórí kẹ̀kẹ́ ni. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, Jámánì ló fi ń sọ̀rọ̀, inú sì ń bí i ní gbogbo àárọ̀ nítorí pé mo máa ń pẹ́ dé. Bí mo ṣe gbọ́ Jámánì nìyẹn. Ṣé o rántí iye ẹgba tí a jẹ nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí kò wọ̀ wá lórí? Ká ní èébú ni tíṣà fi kọ́ wa ni, à bá ti mọ̀ ọ́n kí ọdún náà tó parí.

Lọ́jọ́ kan, Màmá bi mí pé kí ló dé gan-an tí mo fi ń pẹ́. Mo ṣàlàyé ètò Dádì fún un, pé ilé arúgbó kan ní Stretford ni mo ti ń bọ̀ láràárọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí tíì tó ń mu fi dà sí i lára. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ó ti kọ orin. Orin náà ń bẹ Dádì pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fò. Ó ní ẹyẹlé kan máa ń dé ojú fèrèsé òun lásìkò, àbí Dádì ló gba ẹyẹlé náà síṣẹ́ ni? Ó tún ń béèrè ibi tí Dádì fi ìyẹ́ tirẹ̀ pamọ́ sí, nígbà tó jẹ́ pé mọ́tò ńlá ló ń gbé kiri. Ègbè rẹ̀ ni "Oyèmọ́lá, lehr uns fliegen," ìyẹn ni pé Oyèmọ́lá, kọ́ wa ní fífò.

Chloe, ọmọ ọmọ Màmá, mọ gìtá ta, ohùn rẹ̀ sì dùn. Toheeb, tí òun náà ń bá Dádì ṣiṣẹ́, ń ta gìtá béèsì. Èmi, o mọ̀ mí, láti orí ìlù òyìnbó ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti ń bọ̀. Màmá ló sọ ẹgbẹ́ wa lórúkọ: Die Pünktlichen, Àwọn Tí Kì Í Pẹ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fẹ́ ṣeré, mo pẹ́. Mi ò sì gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ o, físà mi kò gbà á. Sọ ìyẹn fún ẹni tó ní mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé olórin.

Ilé ọtí kan ní Stretford la ti bẹ̀rẹ̀. Orin tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́ ni gbogbo orin wa. Ọ̀kan dá lórí aládùúgbò tó ń fẹjọ́ òórùn ata sùn títí wọ́n fi bu díẹ̀ fún un tọ́ wò. Ọ̀kan dá lórí àwọn tó tò sórí ìlà tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń tò fún. Ṣùgbọ́n Jámánì ni gbogbo rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ wa kò sì gbọ́ Jámánì. Níbi tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n á dijú bí ẹni ń gbàdúrà. Ọkùnrin kan sunkún sí orin ìlà. Ìwé ìròyìn kékeré kan wá kọ ọ́ pé orin ìfẹ́ tó ń dunni dé eegun ni tiwa. Chloe fẹ́ lọ ṣàlàyé. Màmá ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ó kéré tán, wọn kì í lọ sílé kí eré tó parí." Bí òkìkí wa ṣe ń kàn nìyẹn o, à ń fi àwọn ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń fi áńkáṣíìfù nu ojú.

Mùjídàt tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì ló lọ sọ fún Dádì pé ọmọbìnrin òyìnbó kan ń dá orúkọ rẹ̀ lórin ní Stretford. Dádì dé fìlà wá, ó jókòó síwájú. Rasheed, ìwọ náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: bí olórin bá dárúkọ ènìyàn, ó ń gbé e ga ni, bó bá sì ń dá a léraléra, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ dìde. Chloe ń dárúkọ rẹ̀ ní gbogbo ègbè. Dádì dìde. Ó jó lọ, ó jó bọ̀, ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbéra nílẹ̀. Màmá Liesel rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, Dádì rò pé ayọ̀ ni, ó sì lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí a parí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé ìlú yìí, kò sí òyìnbó tó pe orúkọ òun já rí, Mr. O ni wọ́n ń pe òun. Ó ní, "Akínbọ́lá, ìwọ lo ṣe èyí fún mi?" Mo ní, "Màmá ló kọ ọ́, sà." Òótọ́ ni mo sọ, mi ò kàn sọ ọ́ tán ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi orin náà sórí fóònù ọ́fíìsì. Bí o bá pè wọ́n pé bọ́ọ̀sì kò tètè dé, wọ́n á ní kí o dúró, orin wa á wá máa bẹ Dádì sí ọ létí kí ó kọ́ ọ ní fífò. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Rodiyat, ìyá ọlọ́mọ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní ibùdókọ̀. Rodiyat túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn yòókù. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pe ọ́fíìsì láìní nǹkan kan í sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni ayẹyẹ tí iléeṣẹ́ ṣe ní gbọ̀ngàn kan ní Ashton-under-Lyne. Dádì pe àwọn kánsẹ́lọ̀ àti àwọn arúgbó tí à ń tọ́jú, ó sì ní kí ẹgbẹ́ wa wá kọrin òun. Ó tún ní kí ọmọ òun, Hephzibah, tó ń kọ́ Jámánì ní yunifásítì, dúró ti Chloe kí ó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo ayé lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin òun. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé ni, kò tíì gbọ́ orin náà rí. Ó gbọ́ ọ lórí fóònù, ló bá wá mi kàn.

Ó ní, "Bọ̀dá Akin, ṣé ẹ fẹ́ pa dádì mi ni?"

Mo ní, "Ta ló ní kí ó jó?"

Ó ní òun yóò purọ́, òun yóò sọ ọ́ di oríyìn, kí n sáà máa lu ìlù mi. Mo gbà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹsẹ kìíní, Hephzibah ní Dádì ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fò bí idì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹsẹ kejì, ó ní ẹyẹlé pàápàá ń jẹ́rìí sí inú rere rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ ti gbàgbé pé Màmá Liesel gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ó ní, "Dákẹ́, ọmọ yìí! Kì í ṣe ohun tí mo kọ nìyẹn!" Ó wá túmọ̀ orin náà fúnra rẹ̀, láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí kò nílò máìkì. Kánsẹ́lọ̀ obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé gbà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ nínú orin wa. Ká ní kì í ṣe ti físà ni, inú mi ì bá dùn.

Dádì bi Màmá pé ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un. Màmá wo àjà, ó ní ẹyẹlé ni. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Toheeb ti yọ wáyà gìtá rẹ̀, ó ti lọ jókòó sáàárín àwọn àlejò bí ẹni tí wọ́n fi ìwé pè. Dádì kọjú sí Rodiyat. Ó ní, "Ìwọ ni. Ìwọ lo máa ń ṣàròyé." Rodiyat ń wo ẹnu ọ̀nà, àwo oúnjẹ lọ́wọ́.

Ni mo bá dìde nídìí ìlù. Mo ní, "Èmi ni, sà. Òótọ́ sì ni."

Yorùbá ló wá fi bi mí pé, "Akínbọ́lá, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, sà. Ẹ ṣáà wọ bọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó ní kí n jáde. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́yìn mi, kó dìde kó máa tẹ̀ lé mi. Rodiyat gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó dìde. Toheeb ń wo fóònù rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Dádì fi dá mi dúró. Kò fọwọ́ kan Rodiyat, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ lọ Stretford. Mo tún gbọ́ pé ó wọ bọ́ọ̀sì náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, láti fi hàn pé òpùrọ́ ni mí. Ó pẹ́ dé Stretford débi pé arúgbó náà ti jẹun ọ̀sán. Ó ní ọ̀nà ló dí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó yí ètò iṣẹ́ padà, wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún bọ́ọ̀sì báyìí. Orin wa ṣì wà lórí fóònù. Ó ní orúkọ òun ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ òun.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, Chloe ní kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ báyìí, ṣebí àwọn ènìyàn ti rẹ́rìn-ín. A gbìyànjú rẹ̀ ní Stretford. Wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, inú bí wọn, wọ́n sì padà sídìí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wò. A ti padà sí Jámánì. Wọ́n ti tún ń sunkún.

Èmi ṣì ń wá ẹni tí yóò gbà mí. Kánsẹ́lọ̀ tó rẹ́rìn-ín yẹn júwe ilé ìtọ́jú arúgbó kan fún mi ní Ashton, Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ bá wọn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi Fàúsátù ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Dádì. Màá dọ̀bálẹ̀, àgbà ni, ó sì ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí n sọ pé irọ́ ni orin náà, màá dìde.

Ìyá mi ló ń dùn mí jù. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń pè. Mo fi fídíò hàn wọ́n, wọ́n wo yàrá mi, wọ́n ní yàrá tó kéré tó yìí, kí ni bí kò bá ṣe ẹ̀wọ̀n. Jọ̀ọ́, lọ bá wọn, kí o ka ìwé yìí fún wọn. Ìwọ ni wọ́n máa gbàgbọ́, ìwọ tí wọ́n bọ́ pọ̀ mọ́ mi. Bá mi kí Bàbá, kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ náà jó.

Mò ń fi ìka ka àwọn tó dúró tì mí. Rodiyat tó dìde. Màmá Liesel tí kò lè dìde, tó ti lé gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi rọ́pò mi jáde nílé, Jámánì ló sì fi ń lé wọn. Chloe tó fún mi ní yàrá tí ìyá mi ń pè ní ẹ̀wọ̀n. Hephzibah tó purọ́ nítorí bàbá rẹ̀, tó sì wá ń bá bàbá náà jà nítorí mi. Mùjídàt tó ń yọ́ bá mi wá iṣẹ́ láti orí fóònù ọ́fíìsì. Ọwọ́ kan ti kún, Rasheed. Mo ti gbé èkejì sókè. Ka ìwé yìí fún ìyá mi, kí n lè mọ̀ bóyá orúkọ rẹ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ọwọ́ náà.

Èmi tìrẹ, olórí kunkun kan náà tí o mọ̀,

Akínbọ́lá.