Àdúrà Tí Jésùtómi Kò Béèrè

Ojúlé Kọkànlá,
Ọ̀nà Igbotako,
Òkìtìpupa,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Philemon, ọ̀rẹ́ mi,

N kò kọ "ọ̀wọ́n" sí i, o sì mọ ìdí. Mo kí Màmá, mo kí Charity àbúrò rẹ, mo sì nírètí pé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́. Ìwọ nìkan ni n kò béèrè àlàáfíà rẹ.

Mo ti Ìkọ̀yà dé lánàá. Jésùtómi ni mo lọ wò. Mo bá a lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, ó ń ha ẹ̀yìn dúdú tí èéfín fi sílẹ̀ lára púpurú, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ yan lórí iná. Ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì, tí ìdánwò ìpele kẹta rẹ̀ ní fásitì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ìyá rẹ̀ ní kò jẹun dáadáa, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́; òun kì í jẹ́ kó dá wà.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí a dá Ẹgbẹ́ Ìtẹ́tísílẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kété tí èmi àti ìwọ jáde ní fásitì? Òfin kan ṣoṣo ni a ṣe, ìwọ fúnra rẹ lo sì kọ ọ́ mọ́ ògiri yàrá ìpàdé wa: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà. Òfin yẹn ni Jésùtómi gbára lé tó fi jókòó tì ọ́ ní Ọjọ́rú, tó sọ fún ọ pé ó ti rẹ òun láti máa jí láràárọ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi wá ìgboyà láti sọ gbólóhùn yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ìwọ fi pa á mọ́.

Ní Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ náà, o dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ, o dárúkọ rẹ̀, o dárúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, o ní kí ìjọ gbóhùn sókè nítorí pé ẹ̀mí ikú ń lépa rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì jókòó lẹ́yìn, wọ́n ń gbọ́. Kí Ọjọ́ Ajé tó ṣú, Desmond, ọ̀kan nínú wọn, ti ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pé, "Jésùtómi, o ò tíì kú ni? Kọ́kọ́ dá ìwé mi padà kó o tó lọ o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jésùtómi kó ẹrù rẹ̀, ó gun ọ̀kadà dé gáréèjì, ó sì lọ sílé.

O fèsì sí mi lórí fóònù pé, "Àdúrà ò pa èèyàn rí, Aníwúrà. Má sọ ara ẹ dòyìnbó." Èmi náà wọ aṣọ funfun dàgbà, Philemon. N kò bá àdúrà jà. O ní yàrá, o ní eékún, Ọlọ́run kò sì nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn kó tó mọ Jésùtómi. Ìwọ lo fẹ́ kí ìjọ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni àwọn ọmọ ń gbé ọ̀rọ̀ wá.

N kò kọ̀wé fún ara mi nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ló ń wá ní Ọjọ́rú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti àwọn àga ni. Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn kò lọ síbì kankan. Ẹnu ni wọ́n pa mọ́. Orúkọ wọn ni mo fi ń sọ fún ọ pé kí o má tún wọ yàrá ìpàdé náà mọ́. Fi kọ́kọ́rọ́ rẹ rán Charity sí mi.

Ohun kan ṣì kù tí o lè ṣe. Ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, dìde níbi tí o ti dìde lọ́jọ́ náà, kí o sọ fún ìjọ pé ìwọ lo ṣẹ̀, pé o tú àṣírí tí kì í ṣe tìrẹ, pé àárẹ̀ ọkàn kì í ṣe ẹ̀mí burúkú. Má dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ti bá dókítà kan ṣètò fún Jésùtómi ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e. Nígbà tí mo sọ fún un, ó gbé púpurú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, tí mo bá sọ ọ́ fún dókítà, ìjọ wo ló máa gbọ́?"

Ọwọ́ rẹ ni èsì ìbéèrè yẹn wà títí di Ọjọ́ Àìkú.

Bá mi kí Màmá.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ tẹ́lẹ̀,
Aníwúrà.